Àgbẹ̀ Òyìnbó Agbowa: Níbo Lẹ Gbé Àlejò Wa Sí?

Ìyá Wúràọlá Adéòjó kú ní Agbowa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. N ò bá dókítà jiyàn, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó mú kí ẹ̀jẹ̀ náà ru.

Láyé àwọn òyìnbó amúnisìn, Ọ̀gbẹ́ni Hágíróòfù kan wá sí Agbowa. Nílùú rẹ̀, onílẹ̀ rẹpẹtẹ ni, abúlé lódindi ló jẹ́ tirẹ̀, ó sì ti jókòó nílé aṣòfin wọn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó gbèjà àwọn àgbẹ̀ tó ń yálẹ̀ dáko, ẹgbẹ́ rẹ̀ bínú, wọ́n fi ìbò lé e kúrò, ló bá kó ẹrù rẹ̀ wá síbí. Ó tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ bàbá-bàbá Wúràọlá. Lọ́dọọdún, bí iṣu tuntun bá jáde, ó ń gbé ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀ wá fún onílẹ̀ bíi ti àwọn ayálẹ̀ yòókù, á bọ́ fìlà, á dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní ikùn rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí àyà rẹ̀ kanlẹ̀.

N ò pè é ní ẹni mímọ́. Àmọ́ èwo nínú àwọn olóṣèlú wa ló ń dọ̀bálẹ̀ fún onílẹ̀ kó tó gbé katakata dé?

Nígbà tí òyìnbó náà ń kú lọ, ó ní kí wọ́n sin òun sóko náà. Ẹbí Adéòjó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé kò ní dá wà. Láti ìgbà náà ni onílẹ̀ ti ń gbé iṣu tuntun lọ fún ayálẹ̀. Wúràọlá ló jogún iṣẹ́ náà. Á gbá sàréè náà, á sì máa ròyìn ìlú fún òkú. Mo bá a lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, àmọ́ n kò lè rín in. Ó ń ṣe mí bíi pé ẹnìkan ń gbọ́ wa.

Lọ́dún yìí, ó gbé iṣu débẹ̀, kọnkéré ló bá. Àwọn tó ń pe ara wọn ní Ìgbìmọ̀ Atúnlùúṣe ti ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Ó wọkọ̀ lọ bá akọ̀wé wọn, Ọ̀gbẹ́ni Festus, ní Ìkòròdú.

"Màmá, òyìnbó yẹn ò ní family kankan níbí now. Ta ló máa bèèrè ẹ̀?"

"Èmi," ni ìyá wí. "Àwa la gbà á lálejò. Níbo lẹ gbé e sí?"

Awakọ̀ katakata jẹ́wọ́ fún ìyá pé òun rí egungun, pé ọ̀gá òun ní kóun máa bá iṣẹ́ lọ. Láti ìgbà náà ni oorun ti dá lójú ìyá. Ó ń sọ fún Ṣìmí ọmọ rẹ̀ pé òun ń gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìnkùlé, bíi ti ẹni tó ń wá ọ̀nà ilé.

Ẹ̀yin ọ̀gá Ìgbìmọ̀, ṣé torí pé òkú kì í dìbò ni? Bí wọ́n bá fi katakata wú egungun ọmọ Agbowa nílùú òyìnbó, ṣé ẹ ò ní pariwo? Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ìyá tiyín náà ní sàréè.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, Ṣìmí mú mi wọ ilé ìdáná, ó fi iṣu tí ìyá gbé padà wálé hàn mí. Kò sẹ́ni tó láyà láti sè é. Ó ti hù, ọwọ́ rẹ̀ ti ń fà mọ́ ògiri. Ṣìmí ní òun ò mọ ibi tóun máa gbé e lọ.

Ẹ sọ fún un. Kí ọ̀gá tó ní kí iṣẹ́ máa lọ jáde wá jẹ́jọ́. Kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n da erùpẹ̀ náà sí, kí wọ́n wá egungun náà, kí wọ́n sin ín padà. Ìyá ti bá ìbéèrè yìí wọ sàréè. Ọmọ ti gbà á lẹ́nu rẹ̀, iṣu sì wà nílẹ̀: níbo lẹ gbé àlejò wa sí?