Ìlù Igbá Lọ́jọ́ Tí Odò Ọya Kún

Lánàá, bí mo ṣe ń kọjá lẹ́bàá gbàgede Páparáńdà ní Lọ́kọ́jà níbí, òórùn wáínà, àkàrà ìrẹsì tí obìnrin kan ń dín, gbá mi nímú, ẹsẹ̀ mi sì dúró láìbi mí léèrè. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú wa rí ní àdúgbò yìí nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Ìsàlẹ̀ odò là ń gbé. Òwórò ni bàbá mi, láti orí òkè Àgbájà ló ti sọ̀ kalẹ̀ wá. Ìyá àgbà kan tó jẹ́ Núpé ló ni ilé tó kángun sí tiwa. Ìyá Onígbá ni gbogbo wa ń pè é, nítorí ọ̀bẹ tó ti pọ́n nínú iná ló fi ń fín ẹja, ẹyẹ àti alángbá sára igbá. Bí wọ́n bá ń gbé ìyàwó, yóò bu omi sínú ọpọ́n ńlá, yóò da igbá dojú dé lórí omi náà, yóò sì máa fi igi lù ú. Ìró rẹ̀ a máa rìn wọni lára. Àwọn obìnrin Haúsá, Ígálà àti ìyá tèmi a bọ́ sójú agbo. Sálámátù, ọmọ-ọmọ Ìyá Onígbá, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ mi, ti mọ ìlù náà dáadáa. Èmi ò mọ̀ ju kí n jẹ wáínà tí wọ́n bá dín níbẹ̀ lọ.

Lọ́dún kan, òjò ò dáwọ́ dúró, Ọya sì kún àkúnya. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, omi já wọlé. Apẹja kan tó jẹ́ Ígálà fi ọkọ̀ rẹ̀ kó wa, a há mọ́ra wa nínú rẹ̀ bí ẹja inú apẹ̀rẹ̀. A ti ń lọ kí Ìyá Onígbá tó figbe ta:

“Sálámátù dà?”

Oníkálukú ti rò pé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ló wà.

“Má padà o!” ọkùnrin kan pariwo mọ́ apẹja. “Ṣé nítorí ọmọ ọlọ́mọ lo fẹ́ fi pa gbogbo wa?”

“Ọmọ wa ni,” apẹja dáhùn. “Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́.”

A dákẹ́. Òjò nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà la gbọ́ ọ, láti ọ̀ọ́kán: dùm, dùm.

“Igbá mi nìyẹn! Òun ló ń lù ú!”

Apẹja yí ọkọ̀ padà. Ìgbì ń gbé wa sọ̀tún sósì. Ìlù náà dáwọ́ dúró, èékánná ìyá mi sì wọ̀ mí lápá. Ó tún dún, ṣùgbọ́n ó ti rẹlẹ̀. A bá Sálámátù lórí ògiri tó ti ń yẹ̀, igbá wà lórí omi níwájú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò sì yé lù ú. Ibi tó ti padà lọ kó igbá ìyá àgbà rẹ̀ ni omi ti dí i lọ́nà. Apẹja fà á wọlé. Kò sunkún. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé:

“Ebi ń pa mí.”

A ń rẹ́rìn-ín, a sì ń sunkún.

Ilé Ìyá Onígbá wó. Òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ kó lọ bá àwọn ẹbí wọn ní ilẹ̀ Núpé, n ò sì fojú kan Sálámátù mọ́ títí dòní. Abọ́ rọ́bà ti gbapò igbá fínfín, ẹ̀rọ ló sì ń kọrin níbi ìyàwó. Lóde òní, àwọn èèyàn a máa jiyàn lórí ẹni tó ni Lọ́kọ́jà, n kì í dá sí i. Omi ò mọ onílẹ̀, ọdọọdún ló ń padà wá. Àdúrà tèmi ni pé kí ẹni tí yóò yí ọkọ̀ padà má tán láàárín wa.