Ìyá Ọ̀gá Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́

Bí ìyá àgbà tí a jọ ń gbé inú ilé kan ṣe yọ sí wa pẹ̀lú korobá rẹ̀ báyìí, ariwo kú nídìí ẹ̀rọ omi. Ẹni tó ń bú ẹnìkejì rẹ̀ gbé èébú tó kù mì. Wọ́n gba korobá lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e síwájú gbogbo wa. Omi ń dà sínú rẹ̀, òórùn búrẹ́dì gbígbóná ń fẹ́ bọ̀ láti òdìkejì títì. Ó máa ń ní ká jẹ́ kí òun náà tò. Ta ló jẹ́ gbà?

Ọmọ rẹ̀ ni ọ̀gá àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ọmọ tó bá a kiri epo òyìnbó ní Mushin ti di ẹni tí a kì í dárúkọ nínú ilé. Bàbá mi bú ìjọba níwájú àwọn oníwèé ìròyìn, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sì wá mú un lọ́sàn-án gangan. Màmá mi fà mí lọ́wọ́, ó lọ kúnlẹ̀ fún ìyá àgbà. Ẹ̀wà ni ìyá náà ń ṣà lọ́wọ́.

"Mo ti bẹ ọmọ náà títí," ó ní. "Èmi gan-an, mo ń bẹ̀rù ẹ̀."

Màmá mi ò gbà á gbọ́. Èmi gbà á gbọ́, torí ẹ̀wà tó ti ṣà ló tún ń dà padà mọ́ ìdọ̀tí.

Nígbà tó yá, ìjọba yí padà. Rédíò sọ pé wọ́n ti yọ ọ̀gá náà, wọ́n sì ti tì í mọ́lé. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, bàbá mi wọlé. Ó ti rù kan egungun, ṣùgbọ́n ó wà láàyè. Ara tù wá pẹ̀sẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá àgbà gbé korobá dé. Kò sẹ́ni tó gbà á. Gbogbo ojú wà lára màmá mi, èmi sì mọ bí ẹnu rẹ̀ ṣe máa ń mú.

"Màmá, ẹ̀yìn ni ìlà wà. Ẹ lọ tò," màmá mi wí.

Ìyá àgbà lọ sẹ́yìn, ó gbé korobá kalẹ̀, ó mí kanlẹ̀. "Alihamudulilahi. Ẹ ti wá lè bá mi wí báyìí."

Kò pẹ́ tí obìnrin kan fẹ́ já wọ iwájú rẹ̀ lórí ìlà. Wọ́n bú ara wọn dáadáa. Mi ò rí i kí inú ìyá àgbà dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ṣì máa ń sunkún ọmọ rẹ̀ nínú yàrá o. Ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ.

Èmi náà ti di ọ̀gá níbi iṣẹ́ ní Yábàá báyìí. Bí àwọn ọmọ iṣẹ́ bá ti ń gba gbogbo ọ̀rọ̀ mi láìjiyàn, ẹ̀rù ara mi máa ń bà mí. Màá pe ẹni tó kéré jù nínú wọn, màá ní kó sọ ibi tí mo ti ṣì í ṣe. Ohun tó bá sọ máa ń bí mi nínú díẹ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń sùn dáadáa.