Ohun Tí Ìyá Ègùn Wí Lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì

Ojú mi báyìí ló ṣe. Ẹni tó bá sọ fún yín pé bọ́rọ̀ ṣe rí kọ́ nìyí, ẹ bi í pé níbo ló jókòó sí lọ́jọ́ náà. Èmi ò tiẹ̀ jókòó. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì rí i látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Wẹ́dà ni mí. Ìwé mẹ́rin ni mo kà kówó tó tán, ṣùgbọ́n láti Sáńgò dé Àtàn, géètì tẹ́ ẹ bá rí tí kì í han bí ẹní ń sunkún tí wọ́n bá ṣí i, ẹ bèèrè ẹni tó jó o. Irin tó gbé òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì wa dúró, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Èdè Ègùn ni ẹ̀bùn mi kejì. Ègùn ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, ẹni tí kò bá sì tètè gbọ́ Ègùn ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ìgbátí ni yóò fi gbọ́ ọ.

Àwọn Ègùn mẹ́sàn-án wà nínú ìjọ wa nígbà náà. Bẹ́ǹṣì kẹta lápá òsì, tiwọn ni. Èmi ni mo máa ń dúró níwájú wọn tí mo ń túmọ̀ ìwàásù. Mo mọ̀ ọ́n ṣe, n kò ní purọ́ ìrẹ̀lẹ̀ fún yín. Ọ̀rọ̀ tí kò dùn lẹ́nu Pásítọ̀, tó bá ti gba ẹnu mi kọjá, á dùn.

Lọ́dún tó kọjá ni ìgbìmọ̀ ìjọ ní ìtumọ̀ Ègùn ń jẹ́ kí ìsìn pẹ́ jù. Díákónì kan báyìí ló mú ọ̀rọ̀ náà wá, ọ̀dọ́kùnrin tó jẹ́ súpáfáísọ̀ nílé iṣẹ́ kan ní Sáńgò.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti gbìyànjú. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló gbọ́ Yorùbá. Ṣebí wọ́n fi ń nájà."

Mo ní, "Èdè tí wọ́n fi ń ra ata nìyẹn. Ṣé òun náà ni wọ́n á fi sunkún sí Ọlọ́run lọ́rùn?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá Wẹ́dà, Ẹ̀mí Mímọ́ kò nílò ògbufọ̀ o."

Bí wọ́n ṣe gba máìkì lọ́wọ́ mi nìyẹn, wọ́n ní kí n máa ṣọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Èmi! Lábẹ́ òrùlé tí mo fọwọ́ mi jó!

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé kò sí ẹni tí kò mọ ìtàn Pẹ́ńtíkọ́sì nínú wọn. Àlejò kún Jerúsálẹ́mù láti ìlú tó pọ̀ bí ewé. Ẹ̀mí Mímọ́ ò sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ kọ́ èdè onílé ná kí wọ́n tó padà wá. Onílé ló fi èdè àlejò sí lẹ́nu. Àwọn ará Gálílì tí kò kàwé, irú èmi yìí, ló sì lò. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó ṣe nìyẹn, kó tó di pé ẹnikẹ́ni ṣèrìbọmi. Tí a bá ń ṣe àjọ̀dún yẹn lónìí, ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa ni pé: ta ló jókòó sáàárín wa tí kò gbọ́, ta ló ń sọ̀rọ̀ tí a ò gbọ́? Àwa ò bèèrè. Aṣọ funfun la rà.

Ọjọ́ náà pé. Iná ìjọba wà, jẹnẹrétọ̀ ń sinmi lẹ́yìn ilé, ní kọ̀rọ̀ tí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ò lè rí. Ẹ̀rọ wẹ́dà mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí pé lọ́jọ́ Sátidé mo ṣì ń jó irin àtẹ̀gùn iwájú fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ta ló ń ronú olè nílé Ọlọ́run?

Pásítọ̀ kígbe pé, "Kí kálukú ya ẹnu rẹ̀! Ẹ fi èdè tuntun bá Bàbá sọ̀rọ̀!" Ariwo sọ. Àárín ariwo yìí ni Ìyá Ègùn já wọlé. Òun ló dàgbà jù ní bẹ́ǹṣì kẹta, ìyá tó ń hun ẹní ní Alápòtì. Ó ti jáde lọ bu omi mu. Gèlè rẹ̀ wà lọ́wọ́, ó ń na apá sí ẹ̀yìn ilé, Ègùn ló sì fi ń ké pé, "Bọ́ọ̀sì wà lẹ́yìn! Wọ́n ń kẹ́rù! Ẹ jáde, wọ́n ti gbé jẹnẹrétọ̀!"

"Halelúyà!" Gbogbo ìjọ dìde. "Ó ti bà lé Màmá!"

Àwọn obìnrin sáré yí i ká, ọ̀kan fi ìborùn so ó níbàdí kí ìró má bàa tú. Bó ṣe ń fà sí ẹ̀yìn ni wọ́n túbọ̀ ń dì í mú. Díákónì yẹn gbé máìkì, ó dijú.

"Báyìí ni Olúwa wí láti ẹnu ìyá yìí: mọ́tò tuntun ń bọ̀ nílé yín lọ́dún yìí!"

"Àmín!"

Mo pariwo, "Irọ́ ni! Ègùn ló ń sọ! Olè ló ń pè!"

Ta ni yóò gbọ́, pẹ̀lú sípíkà tó ga tó mi? Ẹni tí a jọ ń ṣọ́lẹ̀kùn ló gbọ́, ló bá rọ̀ mọ́ mi láṣọ. "Bàbá Wẹ́dà, owú nìyí o. Ẹ jẹ́ kẹ́lòmíràn náà túmọ̀!"

Mo já ara mi gbà, ṣẹ́ẹ̀tì ya. Ìdí bọ́ọ̀sì ni mo rí, ó ń yà sí ọ̀nà Ìdírókò. Mo sáré tẹ̀lé e, bí mo ṣe sanra tó yìí, títí mi ò fi rí i mọ́.

Nígbà tí ojú gbogbo wọn walẹ̀, Díákónì ní, "Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ ọ́ ní Yorùbá?"

Ìyá wò ó. "Ọmọ mi, nígbà tí àyà mi já, Yorùbá já bọ́ lọ́wọ́ mi."

Kò sẹ́ni tó ní kí ìyá má bínú. Wọ́n gbàdúrà lòdì sí ẹ̀mí olè, wọ́n ra kọ́kọ́rọ́ tuntun. Mo ní kí wọ́n dá ìtumọ̀ Ègùn padà, wọ́n ní àwọn ń wò ó. Wọ́n ṣì ń wò ó di òní.

Bẹ́ǹṣì kẹta ṣófo lọ́sẹ̀ kejì. Mo lọ bá ìyá ní Alápòtì, mo fi Ègùn bẹ̀ ẹ́ dáadáa. Kò gbé ojú kúrò lórí ẹní tó ń hun.

Ó ní, "Ìwọ gbọ́ mi. Ṣé ìwọ nìkan ni ìjọ?"

Ohun tó lọ nìyí: jẹnẹrétọ̀ ìjọ, ọ̀kan. Ẹ̀rọ wẹ́dà mi, ọ̀kan, pẹ̀lú wáyà rẹ̀. Kúlà ìrẹsì àjọ̀dún, méjì. Ṣẹ́ẹ̀tì mi, ọ̀kan. Èèyàn, mẹ́sàn-án.