Nọ́mbà tí A Pè Ní Òpùrọ́

Ọjọ́ Ajé kan nínú ọyẹ́ ni mo gbé kọ̀ǹpútà tuntun náà láti Àkúrẹ́ lọ sí ìlú Oǹdó fún àbúrò mi obìnrin. Mo fi bẹ́líìtì ọkọ̀ dè é mọ́ àga iwájú bí ẹni pé ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé ni. Láti Ijapo Estate tí mò ń gbé títí dé ilé bàbá wa, n kò gbé èrò kankan, bí a bá sì ti dé ibi kòtò, ọwọ́ mi á ti wà lára rẹ̀.

Àbúrò mi ń ya àwòrán ilé. Ó kàwé rẹ̀, ó sì ti fi ọdún méjì ya àwòrán fún àwọn ọ̀gá tí ń fi orúkọ tiwọn sí i. Ní oṣù yẹn ni ọkùnrin kan tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìwòsàn kékeré sí ọ̀nà Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ní kí ó wá yà á fún òun, kí ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí yóò jẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni ọkùnrin náà fẹ́ rí i ní Àkúrẹ́. Àbúrò mi ti yà á kọjá ìdajì, ó sì ti fi í pamọ́ sínú fíláàṣì, nígbà tí ẹ̀rọ rẹ̀ àtijọ́ dákẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi sáré ní kí wọ́n to tuntun fún un.

Ẹni tí ó tò ó ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Àkúrẹ́, Ẹnjiníà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. N kò mọ ibi tí ó ti gba oyè náà. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí ó bá ti ní sukurudíráfà méjì àti káàdì tí wọ́n tẹ orúkọ rẹ̀ sí, Ẹnjiníà ni. Èmi náà kò ní ẹnu láti fi bá a wí: ìwé ẹ̀rí yunifásítì tèmi wà lára ògiri pálọ̀ nínú férémù aláwọ̀ wúrà, kò sì tíì tú síkírù kan rí.

A gbé e sórí tábìlì ní pálọ̀ bàbá wa, a so ó mọ́ iná, ó tàn. Inú wa dùn fún bí ìṣẹ́jú kan. Àbúrò mi ṣí ibi tí ẹ̀rọ náà ti máa ń sọ bí ara òun ṣe gbóná tó. Ìlà àkọ́kọ́ ní ibì kan nínú rẹ̀ tutù dé ọgọ́ta lábẹ́ òdo. Ìlà kejì ní ọpọlọ rẹ̀ gbóná dé mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún, ìyẹn ni pé ó ku díẹ̀ kí omi hó lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ a kò tíì fi ṣe iṣẹ́ kankan, ọyẹ́ sì ń fẹ́ wọlé lójú fèrèsé. Kí a tó wí kí a tó fọ̀, ó kú.

Mo pe Ẹnjiníà. Ó fi ohùn dókítà tí aláìsàn ń yọ lẹ́nu dá mi lóhùn. Ó ní irọ́ ni àwọn nọ́mbà yẹn ń pa. Ó ní èyí tí ó ń sọ pé ọgọ́ta lábẹ́ òdo, kò sí nǹkan kan tí wáyà ibẹ̀ so mọ́, ẹ̀rọ náà kàn ń méfò ni. Òótọ́ ni ó sọ nípa ìyẹn, òótọ́ kan ṣoṣo náà ni ó sì fi tì wá sí kòtò, nítorí mo rò ó pé bí ìlà kan bá ń parọ́, èkejì náà ń parọ́.

"Ọ̀gá, ẹ yé wo nọ́mbà," ni ó wí. "Iná Oǹdó ni kò dára."

Iná Oǹdó! Ẹni tí iná ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ máa ń lọ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ó ń wí bẹ́ẹ̀. Bàbá wa, ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó ti fẹ̀yìn tì, bínú nítorí ìlú rẹ̀, síbẹ̀ ó gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ nítorí pé ẹnu Ẹnjiníà ni ó ti jáde. A tan jẹnẹrétọ̀. Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún. A gbé e lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí atẹ́gùn wà. Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún. A gbé fáànù tábìlì kọjú sí i bí ẹni ń fẹ́ atẹ́gùn sí bíṣọ́ọ̀bù. Ó tún kú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bàbá wọ yàrá, ó mú tẹmómítà tí wọ́n fi ń wo ibà wa ní kékeré jáde. A ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà, a tàn án. Ó gbọn tẹmómítà lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì tì í bọ àárín irin ńlá tí ó wà nínú rẹ̀, irin tí fáànù wà lórí rẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa fa ooru kúrò lára ọpọlọ ẹ̀rọ. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó yọ ọ́, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀.

"Kò gbéra rárá," ni bàbá wí. "Ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Nọ́mbà yẹn ni kò lẹ́kọ̀ọ́."

Èmi tí mo ń fi gbogbo ayé ṣe yẹ̀yẹ́, mo fọwọ́ kan irin náà, ó tutù lóòótọ́, mo sì mi orí bí adájọ́. Ọkùnrin mẹ́ta ti fohùn ṣọ̀kan pé nọ́mbà ni òpùrọ́. Láti àná ni àbúrò mi ti ń sọ pé bóyá òótọ́ ni nọ́mbà náà ń sọ. Bàbá ní kí ó lọ wo ọbẹ̀ lórí iná.

Ìdí ọbẹ̀ náà ni ó wà nígbà tí onílé ìwòsàn pè. Fóònù rẹ̀ wà lórí tábìlì. N kò ké sí i. Mo gbé e. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi pamọ́ fún àwọn ènìyàn pàtàkì ṣàlàyé pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí, pé ẹ̀rọ ń yọ wá lẹ́nu díẹ̀, pé kí ó fún wa ní àyè títí di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ó ní kò burú. Mo gbé fóònù sílẹ̀ bí ajagunṣẹ́gun, mo sì lọ sọ fún àbúrò mi pé mo ti bá a gba àyè. Ó kàn wò mí.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, mo jáde sí pálọ̀, mo bá a lórí ìkúnlẹ̀ nídìí ẹ̀rọ náà pẹ̀lú sukurudíráfà. Mo bi í pé ta ni ó ní kí ó tú u. Mo ní bí ó bá bàjẹ́, Ẹnjiníà yóò ní ọwọ́ wa ni.

"Bọ̀ọ̀dá," ni ó wí láìgbójú sókè, "irin yìí tutù, ohun tí wọ́n gbé e lé sì ń gbóná. Bí iná bá ń jó tí ìkòkò orí rẹ̀ kò gbóná, ṣé iná lẹ máa pè ní òpùrọ́? Nǹkan wà láàárín wọn."

Ó tú síkírù mẹ́rin, ó gbé irin náà, ó yí ìdí rẹ̀ sókè. Ọ̀rá wà níbẹ̀. Ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi bo ìdí irin láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, tí wọ́n sì fi lẹ́tà pupa kọ ọ́ sí lára gàdàgbà pé kí a ṣí i kúrò kí a tó lò ó.

Inú bí mi débi pé etí mi ń hó. Mo pe Ẹnjiníà, mo bú u. Mo bi í bóyá ìwé ni kò mọ̀ ọ́n kà tàbí ojú ni kò ní. Mo bú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo bú káàdì rẹ̀. Ó jẹ́ kí n sọ tán.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin náà jókòó tì mí lọ́jọ́ yẹn. Kí lẹ ní kí n ṣe?"

Mo rántí. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, mo sì pàṣẹ fún un pé kò gbọdọ̀ ṣí ọ̀rá kankan kúrò lára nǹkan kan, kí àbúrò mi lè fi ojú ara rẹ̀ rí i pé tíà-rọ́bà ni mo rà, kì í ṣe tòkunbọ̀. Ọwọ́ Ẹnjiníà ti wà lára ọ̀rá ìdí irin náà nígbà tí mo sọ ọ́. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀rá ni ẹ̀rí pé ohun tuntun ni. A lè jókòó lórí àga fún ọdún mẹ́ta, kí ọ̀rá rẹ̀ máa lẹ̀ mọ́ wa nítan, a kò ní í ṣí i. Ẹnjiníà mọ̀ pé oníbàárà tí kò bá rí ọ̀rá yóò pe òun ní olè. Ó bẹ̀rù ẹnu mi ju bí ó ti bẹ̀rù ooru lọ, ó sì de irin náà mọ́ ọpọlọ ẹ̀rọ pẹ̀lú ọ̀rá rẹ̀.

Àbúrò mi ṣí ọ̀rá náà. Ó nu ìpara funfun tí wọ́n fi sáàárín kúrò, ìpara tí ń gbé ooru láti ara ọpọlọ ẹ̀rọ sínú irin, ó fi ìyókù tí ó wà nínú páálí rọ́pò rẹ̀, ó de irin náà pa dà, ó tan ẹ̀rọ náà. Méjìlélógójì. Ó jókòó, ó ń yàwòrán títí ilẹ̀ fi ṣú. Kí aago mẹ́wàá tó lù lọ́jọ́ kejì, ó ti parí, ó ti lọ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ńlá, ó sì ti ká a sábẹ́ apá. Mo ní kí n fi ọkọ̀ mi gbé e lọ sí Àkúrẹ́. Ó ní rárá, ó wọ ọkọ̀ èrò.

Ìrọ̀lẹ́ ni ó dé. Ìwé náà ṣì wà lábẹ́ apá rẹ̀. Ọkùnrin náà ti gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

"Ó ní ẹni tí kò lè gbé fóònù ara rẹ̀, báwo ni yóò ṣe dúró níwájú àwọn bíríkìlà?" Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Ọjọ́bọ̀ ni mo bá a sọ, Bọ̀ọ̀dá. Ọjọ́bọ̀ náà ni mo débẹ̀."

Mo ní kí ó fún mi ní nọ́mbà ọkùnrin náà, kí n pè é, kí n ṣàlàyé fún un. Ó mú fóònù rẹ̀, ó tì í bọ inú àpò. Bàbá wú ikọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àkókò Ọlọ́run ni ó dára jù, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìbínú mi, n kò sì rí ẹni tí ó kù láti pè.

Àbúrò mi jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó kẹ̀yìn sí wa. Ó ṣí àwòrán náà, ó pa orúkọ ilé ìwòsàn yẹn rẹ́ kúrò lórí rẹ̀. Orúkọ tirẹ̀ ni ó fi sílẹ̀ níbẹ̀.