Orúkọ Tí Ìyá Mi Pè Lọ́jà Ifọ̀

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní ibùdókọ̀ Mówè, mo gbọ́ ohùn ìyàwó ilé kan tó ń pariwo: "Bọ́lá! Bọ́lá! Ṣé etí ẹ ti di ni? Ọkọ̀ fẹ́ lọ!" Ọmọbìnrin tó ń pè wà nídìí ẹni tó ń dín àkàrà, ó tẹjú mọ́ fóònù. Mo bi obìnrin tó jókòó tì mí pé kí ni wọ́n jẹ́ síra wọn. Ó ní, "Àbúrò ọkọ ẹ̀ ni." Kò sẹ́ni tó yíjú. Bọ́lá gan-an kò gbórí sókè.

Òórùn epo gbígbóná yẹn, pẹ̀lú orúkọ tí wọ́n ń jù bí ẹni ń ju òkò, gbé mi padà sí Ifọ̀, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba lórí wa.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé. Láyé ìgbà náà, ìyàwó kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni tí wọ́n ti bí sílé ọkọ rẹ̀ kó tó wọlé ibẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọ tó ń rákòrò. "Ọkọ mi" ló máa ń pè é, á sì wá orúkọ tó dùn fún un: Adúmáadán fún ẹni dúdú tó ń dán, Ìbàdíàrán fún ẹni tí ìdí rẹ̀ wuyì. Àbúrò bàbá mi tó kéré jù, ọmọbìnrin bí ọmọ ọdún méjìlá, Eyínfúnjowó ni ìyá mi sọ ọ́, nítorí eyín rẹ̀ tó funfun báláú. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọjáde kò jáde lẹ́nu ìyá mi rí.

Eyínfúnjowó yìí la ń mú bọ̀ wá sí Èkó láti oko bàbá àgbà mi lẹ́yìn Abẹ́òkúta. Bàbá mi ti bá a wá àyè sí ilé ìwé, ìyá mi sì ti rán aṣọ ilé ìwé rẹ̀, aláwọ̀ búlúù, tó ká sínú ẹrù wa. Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, kò fẹ́ ẹ rárá. Nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀ ẹ́ títí, ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní òun á tẹ̀ lé wa dé Èkó. Ó wá kìlọ̀ fún ìyá mi níwájú gbogbo agboolé: "Ọjọ́ tí o bá fojú di ọmọ mi, ọjọ́ náà ni n ó mú un padà sóko. Ìwọ kọ́ lo bí i."

Bọ́lẹ̀kájà la wọ̀, ọkọ̀ onípákó tí àwọn èrò inú rẹ̀ máa ń kọjú síra wọn, orúnkún ń gbá orúnkún. Ìyá Àgbà àti ìyá mi ló kọjú síra. Bí ọkọ̀ bá fò, orúnkún wọn á pàdé, ọ̀kan á pòṣé, èkejì á ní, "Ẹ má bínú, mà." Bẹ́ẹ̀ la ṣe títí a fi dé Ifọ̀, tí dírẹ́bà dúró láti bu omi sínú ẹ́ńjìnì. Ó ké mọ́ wa pé, "Ẹ jẹun kíákíá o! N ò ní í wá ẹnikẹ́ni!"

Ọjà Ifọ̀ kò fẹ́ràn èrò ọkọ̀. Wọ́n á sáré gbé ọpọ́n wá bá yín, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fọwọ́ tẹ ọsàn wò, wàhálà dé. Ọlọ́sàn bi ọkùnrin kan nínú wa pé, "Ṣé ìyàwó lẹ fẹ́ fẹ́ ni, tẹ́ ẹ fi ń tẹ̀ ẹ́ yẹn?" Ìyá mi ná èlùbọ́ láfún, ó ní kò funfun tó. Ìyá tó ń tà á dáhùn kíá: "Tẹ́ ẹ bá dé Èkó, kẹ́ ẹ fọṣẹ fọ̀ ọ́." Síbẹ̀ ìyá mi rà á. Ó tún ra àkàrà gbígbóná àti ẹ̀kọ, ó kúnlẹ̀, ó sì gbé ti Ìyá Àgbà fún un nínú ewé. Ìyá Àgbà gbóòórùn rẹ̀, ó dá a padà. "Epo àná ni wọ́n fi dín in. O fẹ́ kí n kú sọ́nà."

Nígbà tí wọ́n ń ṣe èyí lọ́wọ́, Eyínfúnjowó mú àkàrà tirẹ̀, ó sì rìn lọ. Kò tíì rí ọkọ̀ ojú irin rí láyé rẹ̀, ó sì ti gbọ́ pé ẹ̀yìn ọjà ló ń gbà kọjá.

Dírẹ́bà fun fèrè. Gbogbo èrò wọlé, àyè ọmọ náà ṣófo. Ìyá mi bọ́ sílẹ̀, ó ń pè: "Eyínfúnjowó ooo!" Ọmọbìnrin méjì tí a kò mọ̀ rí dáhùn láàárín ìsọ̀, torí ìyàwó ilé tiwọn náà ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Dírẹ́bà tún fun fèrè.

"Ìyá, ẹ sọ orúkọ ẹ̀, ká bá yín pè é!"

"Mi ò lè pè é. Ọkọ mi ni."

"Ẹ̀yin màmá àgbà, ẹ̀yin ẹ pè é!"

Ìyá Àgbà kò kúrò níbi tó jókòó. Ó di ọwọ́ mi mú pinpin. Ó ní, "Ẹni tó mú un kúrò nílé ni kó wá a." Èmi náà ò wúlò, Àǹtí ni mo ń pè é, ta ni yóò sì yíjú wo ọmọ tó ń pe Àǹtí lọ́jà? Ọmọ ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn ẹrù wa. Ó ní àwọn máa jù ú sílẹ̀.

Ìgbà náà la gbọ́ ọkọ̀ ojú irin tó ń ké bọ̀ lókèèrè.

Mo rí ojú ìyá mi. Ó wo ẹ̀yìn ọjà, ó wo Ìyá Àgbà, ó sì ká ọwọ́ sẹ́nu.

"Sàlámọ́tù! Sàlámọ́tù ooo!"

Kò pẹ́ tí ọmọ náà fi sáré yọ láàárín ìsọ̀, ewé àkàrà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ta ló kú?"

Ìyá Àgbà ti sọ̀ kalẹ̀. "Ẹ̀yin èrò ọkọ̀, ẹ jẹ́rìí. Ìyàwó ọmọ mi pe ọmọ mi lórúkọ ní gbangba ọjà."

Ìyá mi fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ nínú eruku. "Ẹ ṣàánú mi. Ẹ̀rù ló bà mí."

Ọkọ̀ pín sí méjì. Ọkùnrin kan ní, "Màmá, ọmọ yín rèé láàyè, kí lẹ tún ń wá?" Obìnrin kan dá a lóhùn pé, "Lónìí ó pe ọmọ, lọ́la ńkọ́? Ṣé baálé ló kàn?" Wọ́n ń bú ara wọn lọ lórí ọ̀rọ̀ tí kò kàn wọ́n. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n sọ ẹrù òun sílẹ̀. Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n sọdá sí òdìkejì ọ̀nà láti dúró de ọkọ̀ Abẹ́òkúta. Kò wẹ̀yìn. A gbé àyè méjì tó ṣófo dé Èkó, àkàrà sì tutù sórí itan ìyá mi. Aṣọ ilé ìwé aláwọ̀ búlúù yẹn, èmi ni mo padà wọ̀ ọ́ nígbà tí mo tó o.

Àǹtí mi kò débi tí wọ́n ń pè ní ilé ìwé títí di òní. Aṣọ ló tà ní Abẹ́òkúta, ó sì fi tọ́ ọmọ. Ó ti wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní Akútè báyìí. Ibẹ̀ ni mo gbà lọ láti Mówè, mo sì bi í léèrè ohun tí mi ò bi í rí: ṣé kò gbọ́ gbogbo ìgbà tí ìyá mi kọ́kọ́ ń pè é ni?

Ó ní, "Mo gbọ́. Ohùn yẹn náà ló fi ń pè mí wá jẹun, wá wẹ̀. Mo ní kí n wo ọkọ̀ ojú irin ná. Àárín irin gan-an ni mo dúró sí, mo ń wo ibi tó máa ti yọ. Àfi bí mo ṣe gbọ́ Sàlámọ́tù lẹ́nu ìyàwó wa. Mo ní ẹnì kan ti kú. Mo kàn ń sáré ni. Ẹ̀yìn mi ni ọkọ̀ ojú irin náà kọjá."

Mo bi í bóyá inú ń bí i nítorí ilé ìwé. Ó ní ó bí i gan-an, sí Ìyá Àgbà. Kò fi nǹkan kan bò ó.

Ìyá mi kò tún pe orúkọ yẹn mọ́ títí tó fi kú. Eyínfúnjowó náà ló ń pè é lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, nígbà tí eyín ti ń tán lẹ́nu ẹni tó ń pè. Àwọn ìyàwó tó wà nílé báyìí, Àǹtí Sàlámọ́tù ni wọ́n ń pè é, wọn ò sì rí nǹkan kan tó burú níbẹ̀. Òun náà kò bá wọn jà.

Mo sọ ọ̀rọ̀ Bọ́lá fún un. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ìgbà mélòó ló pè é?"

Mo ní mi ò kà á.

"Ó wá dáhùn?"

Mo ní rárá, ìgbà tí ọkọ̀ mi fi ṣí, fóònù ló ṣì ń wò.

Ó fa ìborùn rẹ̀ bo èjìká. Ó ní, "Èmi, ọjọ́ kan ṣoṣo ni ìyá ẹ pe orúkọ mi."