Fọ́tò tí Màmá mi gbé kọ́ sí pálọ̀

Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, Màmá mi ti sọ mí dọ̀gá lónìí!

Ẹ ṣáà mọ̀ pé ẹgbẹ́ kékeré ni mò ń bá gbá bọ́ọ̀lù ní Bẹ́ljíọ̀m, ìpele kẹta. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń mú mi wọlé sórí pápá.

Mo dé sílé wa ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó láàárọ̀ yìí, mo bá fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ lára ògiri, lókè rédíógíráàmù. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú rẹ̀, mo da kóòtù bora, àwọn yòókù ń gbá bọ́ọ̀lù.

Màmá ń fi han Àlájì, ará ilé kejì:
"Ọmọ mi ni wọ́n fún níjòókòó. Àwọn ọmọdé ló ń sáré."

Àlájì mọ bọ́ọ̀lù dáadáa. Ó wo fọ́tò, ó wò mí.

Ó ní, "Òótọ́ lẹ sọ, Ìyá. Àgbà kì í sáré kiri."
Ó wá ṣẹ́jú sí mi.

Inú Màmá dùn. Ó fa àga Bàbá mi olóògbé, tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé, ó ní kí n jókòó.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: kí n sọ fún un pé ẹni tí wọn ò mú wọlé ló ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àbí kí n jókòó mi jẹ́ẹ́?