Táyà Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Kúnlé, láti Ṣakí dé Ìsẹ́yìn

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí Kúnlé ṣíná ọkọ̀ rẹ̀ nínú àgbàlá wa ní Ṣakí, tí gbogbo ajá àdúgbò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Kúnlé ni àbúrò mi ọkùnrin kan ṣoṣo. Ìlọrin ló ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà ló sì ti ra ohun tó ń pè ní ọkọ̀ yìí: ọkọ̀ àwọn tó fẹ́ràn eré, onílẹ̀kùn méjì, tí ẹni tó kọ́kọ́ lò ó ti gé ṣíríǹgì rẹ̀ kúrú títí ikùn rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀. Ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ kò gba ju báàgì lọ. Èèyàn kì í wọ ọkọ̀ náà, ńṣe lèèyàn ń já sínú rẹ̀. Èmi tí mo ti lé ní ogójì ọdún, nọ́ọ̀sì tí àwọn aláìsàn ń bẹ̀rù, ìdí ni mo kọ́kọ́ ń tì wọlé bí adìyẹ tó fẹ́ sàba.

Kí n tó sọ̀rọ̀ ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń já mi láyà. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, ìyá wa yóò lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ní Ìbàdàn. Kúnlé ti búra pé ọkọ̀ òun ni Màámi yóò wọ̀ lọ, pé ìyá òun kò ní fún ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ èèyàn nínú bọ́ọ̀sì. Inú mi dùn títí di ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ wo táyà ẹ̀yìn. Láti ìta, ó dára. Mo nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ inú, wáyà gún mi níka. Rọ́bà ibẹ̀ ti jẹ tán pátápátá. Táyà méjèèjì tẹ̀ wọnú lókè, wọ́n sì yà síta nísàlẹ̀, bí ẹsẹ̀ màlúù tí kò lè dìde mọ́. Fọkanáísà tó bá wa pààrọ̀ wọn sọ ọ́ gbangba pé bí a kò bá tún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà tò, àwọn tuntun náà yóò jẹ kí oṣù tó parí. Mo mọ ohun tí táyà tó bá bẹ́ lórí eré máa ń ṣe. Ọ̀dọ̀ wa ní ọsibítù ni wọ́n ń gbé àwọn tó bá fara pa wá. Ni mo bá gba àyè níbi iṣẹ́, mo ní mo ń tẹ̀ lé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa tò ó ní Ìsẹ́yìn. Kúnlé lè sọ pé òun ti ṣe é, kó má ṣe é.

Màámi ti jí ṣáájú wa. Ó ti ní kí wọ́n kó iṣu àti àpò gàrí Ìgànná kan sí búùtù, ká lè gbé e fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ìyá Kẹ́hìndé, ní Ìsẹ́yìn. Kò yà wá lẹ́nu. Gbogbo ìgbà tí Kúnlé bá ń padà sí Ìlọrin náà ló máa ń dira fún un báyìí, a kì í sáà lọ sílé èèyàn lọ́wọ́ òfo.

"Màámi, ó ti tó," ni Kúnlé wí.

"Ó ku díẹ̀," ni Màámi dáhùn, ó sì ní kí wọ́n fi iṣu mìíràn lé e. Mo gbọ́ bí ìdí ọkọ̀ ṣe ké.

Ó fọwọ́ tọ́ ara ọkọ̀ náà wá sẹ́bàá fèrèsé mi, nítorí ojú rẹ̀ kò rí ju òjìji lọ mọ́. "Ẹ ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà," ó ń wúre. "Àlọ á dára, àbọ̀ á sunwọ̀n. Kúnlé, rọra o."

Ọ̀nà láti Ṣakí dé Agó-Àrẹ kò burú, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí kò ga nílẹ̀ kò mọ ọ̀nà tó dára. Níbikíbi tí wọ́n bá ti mọ ebè sójú títì kí ọkọ̀ má baà sáré, Kúnlé á dẹ̀gbẹ́, á fi táyà kan gùn ún kí ó tó fi èkejì tẹ̀ lé e, ikùn ọkọ̀ á sì ha sílẹ̀ síbẹ̀. Ọlọ́kadà kan tó di èédú sẹ́yìn kọjá wa, ó bojú wẹ̀yìn. "Ọ̀gá, ẹ kúkú gbé e lérí!" ó kígbe. Kúnlé ò rẹ́rìn-ín. Èmi náà ò rẹ́rìn-ín, nítorí lẹ́yìn Tede, ibi tí ọ̀dà ti dán díẹ̀ tí Kúnlé sì tẹ iná, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìmọ̀lára ìdí ọkọ̀ náà tó ń fì lọ fì bọ̀ lábẹ́ wa. Koríko ẹ̀bá ọ̀nà ti ga ju wá lọ. Igi ẹ̀mí àti igi igbá nìkan ni mo ń rí ṣóńṣó orí wọn. Mo di ìlẹ̀kùn mú títí ọwọ́ mi fi ń ro mí.

Ní Okaka, a dúró jẹ àkàrà. Ó ti kéré sí ti Ṣakí, igba náírà ẹ̀ kò kún àtẹ́lẹwọ́, ṣùgbọ́n ata rẹ̀ dá ṣáká. Obìnrin tó ń dín in tẹjú mọ́ ọkọ̀ wa.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ó ní. "Ṣé táyà ló jò?"

"Rárá, mà," ni Kúnlé dáhùn. "Bó ṣe máa ń wà nìyẹn."

"Háà. Ọlọ́run á ṣàánú," ni ìyá náà wí, ó sì fi ẹyọ àkàrà kan sí i fún wa.

A dé Ìsẹ́yìn kí oòrùn tó mú. Ẹnu ọ̀nà ìlú ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n júwe fún wa wà. Súlè ni wọ́n ń pe ẹni tó ni ín, ohùn ara rẹ̀ sì máa ń dùn mọ́ ọn létí. Ó ní òun lòun mọ iṣẹ́ yìí jù láti ibẹ̀ títí dé bodè. Aláínmẹ́ǹtì ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà, ìyẹn kí wọ́n to ẹsẹ̀ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí gbogbo wọn lè máa wo iwájú. Lọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe é fún wa nílé, okùn ló máa ń ta láti táyà ẹ̀yìn dé tiwájú, á wá fojú kan wò ó. Ní ti Súlè, ó so irin pẹlẹbẹ mọ́ táyà kọ̀ọ̀kan, ojú ẹ̀rọ bíi tẹlifíṣọ̀n sì gbé nọ́ńbà jáde. Ti ẹ̀yìn pupa yòò.

"Ẹ̀gbọ́n," ó sọ fún Kúnlé, "ẹsẹ̀ ọkọ̀ yín ti ya wèrè."

"Ṣé ó ṣe é tún ṣe?" ni mo bi í.

"Ìyá, ẹ lọ fọkàn balẹ̀."

Ó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ. Kúnlé ti ra apá irin tuntun wá, irú èyí tí wọ́n lè fà gùn tàbí kí wọ́n dín in kù, nítorí apá tó bá ọkọ̀ náà wá kò tó ohun tí wọ́n fi lè na táyà ọkọ̀ tó ti wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Súlè fi í sí i, ó ń tú nọ́ọ̀tù, ó ń dì í, ó ń wo ojú ẹ̀rọ. Díẹ̀díẹ̀, pupa di àwọ̀ ewé. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ bí oníṣẹ́ abẹ. Kúnlé sanwó, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Láti ibẹ̀ la gba ilé Ìyá Kẹ́hìndé lọ. Ahunṣọ ni ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọkùnrin ilé náà. Wọ́n ta òwú gbọọrọ la àgbàlá já, wọ́n gbé òkúta lé ìdí rẹ̀ kí ó lè le, ó sì di dandan kí àlejò bẹ̀rẹ̀ kí ó tó kọjá. Ní tiwa ní Ṣakí, àgbàlá wà fún agbada gàrí. Wọ́n kó ẹrù wa wọlé, wọ́n fún wa lómi, Ìyá Kẹ́hìndé sì ṣe àdúrà fún ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ títí omijé fi bọ́ lójú òun alára.

A kò tíì jìnnà sí ìlú nígbà tí ewúrẹ́ kan já sójú títì. Kúnlé tẹ bíréèkì. Kò sáré, ẹ gbà mí gbọ́, mo ń ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìdí ọkọ̀ náà sáré kọjá orí rẹ̀. Mo kígbe "Jésù!" Nígbà tí gbogbo rẹ̀ dákẹ́, inú koríko la wà, Ìsẹ́yìn tí a ti kúrò níbẹ̀ la sì kọjú sí. Èmi, Màámi ni mo ń rò. Lọ́jọ́ Ajé, ibi tí mo jókòó sí yìí ló máa wà.

A rọra wọ́ padà sọ́dọ̀ Súlè. Ó so irin rẹ̀ mọ́ táyà, pupa tún yọ.

"Kí lẹ ṣe sí iṣẹ́ mi?" ó bi wá, inú ti bí i.

"A ò ṣe nǹkan kan," ni Kúnlé dáhùn.

"Ẹ ti já sí kòtò."

"A ò já sí kòtò kankan!"

Súlè fi ìka wọn àlàfo tó wà lókè táyà ẹ̀yìn. "Ìdí ọkọ̀ yìí ga ju bí ẹ ṣe gbé e wá lọ."

Ìgbà yẹn ló yé mi. "Iṣu," ni mo wí. "Iṣu àti gàrí wà ní búùtù nígbà tó o ń ṣe é. A ti já wọn."

"Ẹ ò sì sọ fún mi!"

"O ò bi wá!"

"Ọkọ̀ tó ti jókòó sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ta ló máa mọ̀ pé ẹrù ló tún tẹ̀ ẹ́?" Súlè gbá orí ara rẹ̀. Ọkọ̀ tó dira ló ti to ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ẹrù ṣe kúrò, ìdí ọkọ̀ gòkè, táyà ẹ̀yìn méjèèjì sì kọjú síta, ọ̀kan ń wo apá ọ̀tún, èkejì ń wo apá òsì. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ jẹ̀bi, kò sì sí ẹni tó fẹ́ gbà á.

"Àwọn wo ló máa wọ̀ ọ́?" Súlè béèrè.

"Èmi àti ìyá wa," ni Kúnlé wí.

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ wọlé, ẹ jókòó bí ẹ ṣe máa jókòó lọ́nà." Ó wò mí. "Ṣé ìyá yín sanra tó yín?"

"Kò tó ìdajì mi."

"Ẹ má mí jù nígbà náà."

Bí mo ṣe jókòó sáyè Màámi nìyẹn, tí ẹni ẹlẹ́ni ń tún táyà tò lábẹ́ mi. Nígbà tó parí, ó na ìka sí wa: "Kò gbọdọ̀ gbẹ́rù mọ́ o. Ẹrù yẹn gan-an ló ń jẹ táyà yín látọjọ́ yìí." Lójú ọ̀nà, mo ń retí kí ìdí ọkọ̀ fì. Kò fì títí a fi kọjá Ọtu, kò fì ní Tede, síbẹ̀ ọkàn mi kò rọ̀.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí a wọ Ṣakí. Màámi jókòó lẹ́nu ọ̀nà, òkìtì ẹrù mìíràn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iṣu àti èlùbọ́ tó fẹ́ kó lọ Ìbàdàn.

"Màámi," ni Kúnlé wí, "ẹrù kankan ò ní wọ ọkọ̀ yìí mọ́."

Màámi fọwọ́ lé òkìtì náà. "Èmi náà ò ní wọ̀ ọ́, nìyẹn."

"Kí ló dé?"

"Lọ́jọ́ tó o gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò rí ọ̀nà. Òjìji ló kàn ń fò kọjá lójú mi, ilẹ̀ sì ń pariwo lábẹ́ ìdí mi. Mi ò mọ̀ bóyá o ń sáré tàbí o ń rìn. Mi ò lè sọ fún ọ, ìwọ tínú rẹ ń dùn. Mo ní kí n máa di nǹkan tó wúwo sí i, bóyá kò ní lè fò gbé ọmọ mi lọ."

Ojú tì mí. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ orúkọ ohun tó bo ojú rẹ̀, mo mọ ọjọ́ tí wọn yóò ṣí i, n kò bi í rí bí ayé ṣe rí láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi kò ju ìyẹn lọ: à ń lọ wá ẹni tó máa to ẹsẹ̀ táyà ní Ìsẹ́yìn, ẹni tí ẹrù rẹ̀ ń tẹ ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀ jókòó sílé, ìbéèrè kan péré ló kù ká bi í.

Kúnlé kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. "Màámi, ẹ̀yin lẹ máa sọ bí n óò ṣe wà á. Bí ẹ bá ní kí n dúró, máa dúró."

Màámi fọwọ́ wá orí rẹ̀ títí ó fi bà á. "Kí bọ́ọ̀sì kó ẹrù yòókù," ó ní. Ó wá tọwọ́ bọ inú òkìtì náà, ó yọ iṣu kan, ó gbé e sórí itan. "Ṣùgbọ́n n óò gbé ẹyọ yìí lọ́wọ́."

Kúnlé wojú mi. Èmi tí mo ti jókòó sáyè rẹ̀ nínú ọkọ̀ náà, mo ní kí ó jẹ́ kí Màámi gbé e.